Ta Ló So Òjò?

Ní ìrọ̀lẹ́ òní, kì í ṣe òjò fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kò ní í kúrò lẹ́nu wa títí ètò yóò fi parí. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni ọkàn ẹni tí ó ti mọ̀ pé ojú ọjọ́ ń yí padà, tí ó ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọn kò gbà á gbọ́. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí á sùn lóru. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí wọ́n pa òwe yìí kò sọ ohun tí a ó ṣe bí a bá ti sọ fún un, tí ó rẹ́rìn-ín, tí ó sì tún mú òmíràn sẹ́nu.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí wá ni pé ní ọdún 2024, nígbà tí oṣù kẹta ń parí lọ, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nínú àwọn tí mò ń kọ́ wá bá mi ní yàrá iṣẹ́ mi. Ọmọ ìhà Ìkọ̀lé-Èkìtì ni. Bàbá rẹ̀ àgbà ń dá oko kòkó àti oko iṣu ní ojú ọ̀nà Ìtàpájì. Ọmọ náà jókòó, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé nǹkan ń ṣe mí ni bí mo bá ń sunkún nítorí òjò?"

Mo bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ní òun lọ sílé ní ìparí ọ̀sẹ̀, òun sì bá bàbá àgbà àti àwọn àgbẹ̀ bíi mẹ́rin lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ń ráhùn pé òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tan àwọn jẹ, àwọn gbin àgbàdo, àgbàdo hù, oòrùn sì pa á. Inú ọmọ náà dùn díẹ̀, nítorí ó rò pé ilẹ̀kùn ti ṣí fún òun láti sọ ohun tí òun kọ́. Ó ṣàlàyé èéfín ẹ̀rọ àti epo rọ̀bì, ó ṣàlàyé bí afẹ́fẹ́ ayé ṣe ń gbóná sí i. Wọ́n gbọ́ ọ títí ó fi parí. Ọ̀kan wá ní, "Ọmọ mi, ọkùnrin tí ó ṣe òkú ìyá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ó so òjò. Ó ti jẹun tán, ó ti jó tán, kò tíì rántí tú u." Ẹlòmíràn ní Ọlọ́run ni ó ni òjò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìwé bá Ọlọ́run jà. Bàbá àgbà rẹ̀ ni ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn: "Ojú tí mo fi wo òjò kí wọ́n tó bí ìyá rẹ, òun náà ni mo fi ń wò ó báyìí. Mo ti rí i rí." Ni gbogbo wọ́n bá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún un ní iṣu méjì pé kí ó gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ọmọ náà ní láti ọjọ́ náà ni òun kò ti rí oorun sùn dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀rín wọn ni ó dùn ún jù. Ohun tí ó dùn ún ni pé àwọn tí ó fẹ́ràn jù lọ ní ayé ni ohun tí ń bọ̀ yìí yóò kọ́kọ́ bá, àwọn gan-an ni wọn kò sì fẹ́ gbọ́. Ó ní òun tilẹ̀ ti ń rò ó bóyá ó yẹ kí òun bímọ sínú irú ayé báyìí.

Mo jẹ́wọ́ fún yín pé ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu ni èyí tí ó yá wa lẹ́nu jù ní ilẹ̀ yìí: "Gbàdúrà, yóò kọjá." Mo gbé e mì. Ìdí tí mo fi gbé e mì ni pé mo ti kà nípa ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Lancet Planetary Health ní ọdún 2021. Àwọn olùwádìí náà bi ọ̀dọ́ 10,000 léèrè ọ̀rọ̀, láti ẹni ọdún 16 títí dé ẹni ọdún 25, ní orílẹ̀-èdè 10. Nàìjíríà wà lára wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́, 59 ni ó ní ẹ̀rù ojú ọjọ́ ń ba àwọn gidigidi tàbí ju gidigidi lọ. Nǹkan bí 39 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní àwọn ń ṣiyèméjì láti bímọ. Èyí tí ó sì kàn wá jù nínú ọ̀rọ̀ ti òní ni pé, nínú àwọn tí wọ́n ti gbìyànjú láti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí wọ́n ní ńṣe ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí tí wọn kò ka àwọn sí. Nítorí náà, ọmọ Ìkọ̀lé yìí kò ya wèrè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun nìkan.

Ẹ jẹ́ kí á la ọ̀rọ̀ náà sí méjì, nítorí àwa olùkọ́ sábà máa ń pa wọ́n pọ̀. Àníyàn wà, ìjákulẹ̀ sì wà. Àníyàn ni ẹ̀rù ohun tí kò tíì dé ṣùgbọ́n tí a ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìjákulẹ̀ ni ìrora ẹni tí ó pariwo iná, tí àwọn ará ilé sì ní kí ó má ṣe dí àwọn lọ́wọ́ oorun. A lè fi ìmọ̀ àti iṣẹ́ tù àníyàn lójú. Ìjákulẹ̀ ní tirẹ̀ kò ṣeé wò sàn àyàfi bí a bá kọ́kọ́ mọ ohun tí ń bẹ nínú ọkàn ẹni tí ń sẹ́.

Kí á tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí wọ́n ń sẹ́ náà ní ṣókí. Bí ènìyàn bá da aṣọ bora ní alẹ́ ọyẹ́, kì í ṣe pé aṣọ náà dá iná. Ooru ara ẹni ni kò jẹ́ kí ó bọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gáàsì kábọ̀n dáyọ́ksáìdì ṣe rí lójú ọ̀run. Bí a bá ti ń dáná epo rọ̀bì, èédú inú ilẹ̀ àti gáàsì, tí a sì ń gé igbó kúrò, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ìbora ayé ń nípọn sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1859 ni John Tyndall, ọmọ Ireland, fi ìdánwò hàn pé irú àwọn gáàsì bẹ́ẹ̀ a máa gba ooru mú. Ní ọdún 1896, Svante Arrhenius, ọmọ Sweden, jókòó ṣe ìṣirò bí ayé yóò ṣe gbóná tó bí gáàsì náà bá di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kí àwa ọmọ Èkìtì fi ìgbà tiwa wọn èyí: ọdún mẹ́wàá péré ni ó jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó parí ogun Kírìjì. Láti ọdún 1958 ni Charles Keeling ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn gáàsì náà ní orí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nígbà náà, nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n afẹ́fẹ́, bíi 315 ni gáàsì yìí. Ní ọdún 2024, ó ti kọjá 420. Ọdún 2024 yìí kan náà ni ó gbóná jù lọ nínú gbogbo ọdún tí a ti wọn ooru rẹ̀, ó sì jẹ́ ọdún àkọ́kọ́ tí ooru ayé fi ju ìwọ̀n díígírì 1.5 lọ sí ti ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kò tíì gbòde.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ní oṣù kejì ọdún 2024 yóò rántí ooru náà. Lálẹ́, àwọn ènìyàn ń gbé ẹní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù náà, nígbà tí Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire gbá àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Abidjan, wà lára àwọn ọjọ́ ooru yìí. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé irú ooru tí ó kún fún ọ̀rinrin báyìí ti ṣeé rí ní ìlọ́po mẹ́wàá ju bí ì bá ti rí lọ, bí kò bá ṣe ti gáàsì tí ọmọ ènìyàn ti tú sójú ọ̀run. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkún omi ọdún 2022, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà, tí ó sì bo ojú títì ní Lọ́kọ́ja mọ́lẹ̀, tí ọkọ̀ kò fi rí ọ̀nà gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó di ẹ̀bi náà ru ìdídò Lagdo ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ìdídò náà ní ipa tirẹ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n òjò tí ó rọ̀ sórí ilẹ̀ wa fúnra wa ni ó pọ̀ jù nínú omi náà.

Ó wá kù sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń sẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ fara balẹ̀ níhìn-ín, nítorí sísẹ́ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, ìbínú wa sì máa ń ṣì wọ́n mú.

Sísẹ́ kan wà tí ó ní owó nínú. Ní ọdún 2023, ìwé ìròyìn Science gbé àyẹ̀wò kan jáde tí ó fi hàn pé àwọn onímọ̀ tí ilé-iṣẹ́ epo Exxon gbà síṣẹ́ ti ṣírò bí ayé yóò ṣe máa gbóná láti bí ọdún 1977 wá, ìṣirò wọn sì bá ohun tí ó padà ṣẹlẹ̀ mu dáadáa. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé-iṣẹ́ náà fi ń sọ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì dájú. Ní oṣù kẹfà ọdún 1988, James Hansen, onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, dúró níwájú àwọn aṣòfin àgbà ilẹ̀ náà, ó sọ fún wọn pé ìgbóná náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ọdún 37 lẹ́yìn náà, Ààrẹ Donald Trump dúró níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó pe gbogbo rẹ̀ ní jìbìtì. Ẹni tí ó ń sẹ́ irú èyí mọ ibi tí ó ń lọ. Bí inú bá bí ọ̀dọ́ sí irú sísẹ́ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ tọ́ láti bí, pàápàá nígbà tí ó bá mọ̀ pé gbogbo Áfíríkà lápapọ̀ kò tú ju bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì kábọ̀n dáyọ́ksáìdì tí ayé ń tú sójú ọ̀run lọ́dọọdún.

Àwa náà ní irú tiwa níbi tí owó wà. Ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin lórí ojú ọjọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, wọ́n sì ṣèlérí ní Glasgow ní ọdún kan náà pé títí di 2060 a kò ní í máa tú ju ohun tí a lè kó padà lọ. Ẹni tí ó bá gba ìpínlẹ̀ Niger Delta kọjá lóru yóò rí ọ̀wọ́ iná gáàsì tí ń jó. Mo fi èyí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe òun ni ó gbà mí lọ́kàn.

Sísẹ́ ti abẹ́ igi máńgòrò ni ó gbà mí lọ́kàn. Ẹ kíyè sí i pé àwọn bàbá wọ̀nyẹn kò sẹ́ òjò. Àwọn gan-an ni wọ́n ń ráhùn pé òjò tan àwọn jẹ. Ojú wọn rí gbogbo rẹ̀, bóyá kedere ju ti èmi tí mò ń ka ìwé lọ. Ohun tí wọ́n sẹ́ ni ìdí rẹ̀, àti ju ìdí lọ, wọ́n sẹ́ pé yóò burú ju èyí tí àwọn ti là kọjá.

Ní ọdún 1983, mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà le débi pé ewé kòkó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi bébà. Iná sọ, ó sì jó apá kan oko bàbá mi. Kì í ṣe tiwa nìkan. Oko kòkó jó káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún náà, ti Gánà sì burú jù. (Ẹ rántí pé oṣù kìíní ọdún yìí kan náà ni ìjọba wa lé àwọn ọmọ Gánà tí kò ní ìwé padà sílé, sínú ọ̀dá àti iná náà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó gbé àdá. Nígbà tí òjò dé, ó tún gbin kòkó sí ibi tí iná jó, ní ọdún bíi márùn-ún lẹ́yìn náà ó so, èso rẹ̀ ni wọ́n sì fi rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Títí bàbá mi fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ òjò tí kò rọ̀, gbólóhùn kan náà ni ó máa ń sọ: "Mo ti rí i rí."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé gbólóhùn yìí kì í ṣe agídí. Àgbẹ̀ tí kò ní ìdánilójú owó oṣù, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, tí ẹnikẹ́ni kò san nǹkan fún bí oko rẹ̀ bá jó, kí ni ó ní tí ó lè gbẹ́kẹ̀ lé? Ìrántí pé òun ti là á kọjá rí ni. Bí ọmọ kékeré bá wá sọ fún un pé ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀, ìrántí náà gan-an ni ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì yẹ kí á gbà pé ó rí òótọ́ apá kan. Òjò ilẹ̀ wa a máa lọ sókè, a sì máa rọlẹ̀. Ọ̀dá ńlá ti àwọn ọdún 1970 sí 1980 dín kù láti bí ọdún 1990 síwájú, àwọn onímọ̀ sì so púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ bí omi òkun ṣe ń gbóná tí ó sì ń tutù. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé iná tí ó jó oko wa ní 1983 wá láti ọwọ́ èéfín. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ooru, tí ó ń gbẹ omi inú ilẹ̀, kì í ṣe bíi ti òjò tí ń lọ tí ń bọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń gbà, òkè ni ó sì ń lọ. Bí ẹ bá fi èyí kọ́ ọmọ, tí ẹ gbà pé bàbá rẹ̀ àgbà mọ ohun tí ó ń sọ nípa ti àtijọ́, ẹ ó rí i pé ìdajì ìjà náà ti tán.

Owó kòkó tún da ọ̀rọ̀ rú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tọ́ọ̀nù kòkó kan kò tó 3,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 ó dé 10,000. Kí ọdún náà tó parí ó ti kọjá 12,000. Kí ni ó fà á? Òjò àrọ̀jù ní Gánà àti Côte d'Ivoire mú kí àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú gbilẹ̀, àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú náà ń jà, lẹ́yìn èyí ni ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ dé. Ojú ọjọ́ tí ó ba ti àwọn aládùúgbò wa jẹ́ ni ó sọ kòkó ìhà Ìkọ̀lé di wúrà. Àwọn tí oko wọn so ní ọdún náà tún òrùlé ṣe, wọ́n ra ọ̀kadà, wọ́n san owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n jẹ. Ẹ̀yin ẹ wò ó: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ba owó tí kò ba rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ọmọ rẹ̀ wá ń sọ fún un pé ojú ọjọ́ ti bàjẹ́. Bí mo bá jẹ́ òun, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Ti ẹni tí ó ní Ọlọ́run ló ni òjò, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn aṣáájú ẹ̀sìn fúnra wọn ti sọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015 ni Póòpù Francis kọ ìwé sí gbogbo ayé lórí ìtọ́jú ilẹ̀ àti ojú ọjọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ ní Istanbul, wọ́n sì ṣe ìkéde tiwọn. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ ìjọ tàbí ọmọ kéú lè gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní í tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe tèmi kan. Ní ìpàdé ẹbí wa ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àbúrò bàbá mi kan sọ pé àwọn òyìnbó ló gbé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ kalẹ̀ kí a má baà lè lo epo wa. Mo pè é ní aláìmọ̀kan níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Òtítọ́ ni mo rò pé mo ń sọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí oṣù mẹ́jọ, nígbà tí mo sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, a sọ̀rọ̀ gbogbo nǹkan àfi ojú ọjọ́. Ìbínú mi fún mi ní ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì ti ilẹ̀kùn tí n kò tíì rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ títí di òní.

Nítorí èyí ni n kò fi rán ọmọ yẹn padà lọ jiyàn. Mo sọ fún un pé ẹrù ayé ju agbára ejìká kan lọ, àti pé bí àìsùn náà bá ń bá a lọ, tí oúnjẹ kò sì lọ mọ́, kí ó lọ rí dókítà láìtijú. Lẹ́yìn èyí mo fún un ní iṣẹ́. Mo ní kí ó ra ìwé ìkọ̀wé kan, kí ó lọ jókòó ti bàbá àgbà, kí ó má sọ̀rọ̀ èéfín rárá. Ìbéèrè ni kí ó máa bi í: ìgbà wo ni òjò àkọ́rọ̀ máa ń rọ̀ nígbà náà? Ìgbà wo ni ẹ máa ń kọ ebè? Ìgbà wo ni ọyẹ́ máa ń wọlé? Mo mọ̀ pé bàbá náà kò ní í fi ọjọ́ oṣù dáhùn, mo sì sọ fún un kí ó fi ìṣẹ̀lẹ̀ wá ọdún rẹ̀.

Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń múra ètò yìí sílẹ̀. Bàbá náà rántí òjò ọdún tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, èyí tí í ṣe 1972. Ọdún tí náírà jáde, 1973. Ọdún iná, 1983. Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, 1996. Ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Ó ní nígbà èwe òun, bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ènìyàn lè fọkàn balẹ̀ gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ó lè rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ó sì tún lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní oòrùn ọ̀sán kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ pẹ́ lóko mọ́, àwọn àgbà sì ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ìrántí àgbàlagbà kan kì í ṣe ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì, ọmọ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi gbé agolo òjò kan sí ẹ̀yìn ilé, tí bàbá ń fi igi wọn omi inú rẹ̀ ní òwúrọ̀ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tí ó sì ń pè é lórí fóònù kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, bàbá fúnra rẹ̀ ni ó bi í pé kí ni àwọn Àjọ Ojú Ọjọ́ ti Nàìjíríà, àwọn NiMet, sọ nípa òjò ọdún náà kí òun tó kó àgbàdo sílẹ̀. Àjọ yìí a máa gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó ń dé abẹ́ igi máńgòrò.

Ẹ̀yin kan yóò bèèrè bóyá bàbá ti wá gba ọ̀rọ̀ èéfín gbọ́. Ọmọ náà ní ọjọ́ kan ni òun tún fẹnu bà á, ní pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà ní ènìyàn lè so òjò." Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Bí ènìyàn kan ṣoṣo bá lè so ó nítorí ọjọ́ òkú kan, tí ilé-iṣẹ́ àti ọkọ̀ gbogbo ayé wá ń tú èéfín sókè fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́?" Èmi tí mò ń kọ́ sáyẹ́ǹsì kò gbà pé ẹnikẹ́ni lè fi oògùn so òjò. Ṣùgbọ́n mo gbà pé nínú ìgbàgbọ́ yẹn, àwọn baba wa ti mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn lè dé ojú ọ̀run, ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní òkè òkun ń sẹ́ títí di òní.

Ọmọ náà ní bàbá dákẹ́ pẹ́ títí. Ó ń fi igi tí ó fi ń wọn òjò fa ilẹ̀. Nígbà tí yóò fi sọ̀rọ̀, kò sọ bóyá òun gbà tàbí òun kò gbà. Ní ìlú wa, bí ẹnìkan bá so òjò tí kò tú u, a máa ń rán àgbà sí i kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá ní, "Bí wọ́n bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ta ni a ó rán lọ bẹ̀ wọ́n?"